Èsì sí àbá ‘òtítọ́ àfarawé’: ìdí tí mo fi fara mọ́ ‘ayé inú awò’

Ẹ̀yin àgbà mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa ń kọ ìwé ìtọ́nà ní èdè Yorùbá fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa bàálù ogun nínú DCS World, eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé wíwa bàálù ogun, tí wọ́n ń de awò mọ́ ojú dípò kí wọ́n máa wo ojú kọ̀ǹpútà lásán, ó sì bi wá léèrè ohun tí ó yẹ kí òun máa pe ‘virtual reality’, èyí tí kọ̀ǹpútà ń yà sínú awò tó fi dà bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé. Bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mú ‘òtítọ́ àfarawé’ wá, ìyá wa ògbufọ̀ mú ‘ojú àlá’ wá, ẹnìkan sì ní ‘ìran’ ti tó. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi náà ti ń wa bàálù yìí ní ìrọ̀lẹ́ nínú yàrá mi n’Íbàdàn, nítorí náà mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀ràn náà ṣojú rẹ̀.

Kí n ti orí ‘òtítọ́ àfarawé’ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu ọmọ Yorùbá, irọ́ ni òdìkejì òtítọ́. Ẹnu ni òtítọ́ ti ń jáde, etí ni a fi ń gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì sọ pé òtítọ́ kan jẹ́ àfarawé, irọ́ ló pè é láìdárúkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun tí a ń wá orúkọ fún níhìn-ín. Ibi tí ènìyàn wà ni, tó yí i ká lọ́tùn-ún lósì, lókè nílẹ̀, tí kò sì lè fi ẹ̀yìn sí i kí ó má tún bá a níwájú. Orúkọ ìyẹn kò ṣòro fún wa: ayé ni. Ẹ rántí pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ‘ayélujára’ kò tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó rí i pé ayé ti lu já síra wọn, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ rédíò ní ‘asọ̀rọ̀mágbèsì’ rí ohun kan tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, ohun tó rí náà ló sì sọ. Ojú ni àwọn baba wa kọ́kọ́ fi wo nǹkan kí wọ́n tó fún un lórúkọ, ọ̀nà yẹn ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún tọ̀.

‘Ìran’ lágbára ju ‘òtítọ́ àfarawé’ lọ, n kò sì fẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Jaron Lanier, ọmọ Amẹ́ríkà, ló mú kí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘virtual reality’, tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí iléeṣẹ́ rẹ̀, VPL Research, ń ta awò àti ìbọ̀wọ́ tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n Antonin Artaud, ará Faransé, ti kọ ọ́ ní èdè tirẹ̀ ní ọdún 1938, eré orí ìtàgé ló sì ń bá wí. Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn ‘ìran’ lè fi èyí gbèjà ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń wo ìran kì í sí nínú ìran. Òǹwòran ni à ń pè é, etí agbo ló sì máa ń dúró sí. Egúngún ló wà láàárín agbo. ‘Ìran’ yẹ ẹni tó ń wo bàálù lójú kọ̀ǹpútà tàbí lójú amóhùnmáwòrán. Ẹni tó de awò kúrò ní òǹwòran.

Ní ti ‘ojú àlá’, mo mọ ohun tí ìyá wa rí tí wọ́n fi sọ ọ́: ènìyàn jókòó sójú kan, ó sì ń rí ohun tí ẹni tó jókòó tì í kò rí. Àmọ́ àlá ló ń mú alálàá lọ síbi tó wù ú. Ẹni tó jókòó sínú A-10C, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan, gbọ́dọ̀ tan bátìrì, kí ó tan ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní APU, kí ó wo géèjì rẹ̀ títí yóò fi dúró dáadáa, kí ó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kí ó tan ẹ́ńjìnnì òsì, kí ó tó kan ti ọ̀tún. Bí ó bá fo ọ̀kan nínú wọn, ilẹ̀ ni yóò wà. Kò sí àlá tó ń béèrè irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alálàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú ‘ayé’ dá mi lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nínú Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lókè Normandy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, oòrùn wà lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé Bf 109 kan, bàálù ogun àwọn ará Jámánì, kò jìnnà. Ẹni tó ń wo ojú kọ̀ǹpútà yóò tẹ bọ́tìnnì kí ó tó lè wo ẹ̀yìn. Èmi bojúwẹ̀yìn. Mo fi èjìká kan síwájú, mo yí ọrùn títí awò fi kan ìrọ̀rí àga, mo sì na ọwọ́ òsì láti di etí ìbòrí dígí bàálù náà mú, kí n lè yí dáadáa. Ògiri yàrá ni ọwọ́ mi bá. Lápá òsì ìrù bàálù mi, mo kófìrí àmì dúdú kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé n kò wá ọ̀rọ̀ tuntun kankan láti sọ ohun tí mo sọ yìí. ‘Bojúwẹ̀yìn’ ti wà, ‘kófìrí’ ti wà, ‘tajú kán rí’ ti wà. Awò dá ọrùn àti èjìká padà fún awakọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ọrùn àti èjìká sì tẹ̀ lé wọn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́jọ́ tí iná lọ nígbà tí mo ń balẹ̀: òkùnkùn ṣú lójú mi, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sì ni ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá pẹ́dàlì láti mú imú bàálù tọ́. Ibì kan ni mo ti já bọ́, kì í ṣe ìran kan ló parí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá ‘ayé inú awò’ fún ibẹ̀, àti ‘awò ìbòjú’ fún ohun tí a ń dè mọ́ ojú. Awò ni gbogbo wa ń pe ohun tí àgbàlagbà fi ń kàwé, ìbòjú sì ni ohun tó bo ojú. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ‘ìbòmú’ gba ìgboro láàárín oṣù díẹ̀ nítorí pé ẹni tó gbọ́ ọ tí ó sì rí i lójú ẹlòmíràn kò nílò àlàyé. Mo gbà pé ‘ìbòjú’ yóò rí ojú rere kan náà. Àwọn kan ti sọ pé kí a pè é ní ‘akoto’, ṣùgbọ́n orí ni akoto ń dáàbò bò, ohun tí à ń wí yìí kò sì dáàbò bo nǹkan kan.

Ìyá wa ti ta kò mí ṣáájú pé lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í ti fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ‘inú awò’ yóò di ‘inú awo’, àwọn òǹkàwé yóò sì rò pé ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ ni à ń pè wọ́n sí. Ọ̀rọ̀ tó ní láárí ni. Ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ, awo ìmùlẹ̀ àti awò ojú ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì tíì rí ẹni tó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú tí wọ́n fún ní èyí tí kò béèrè. Gbólóhùn ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Kódà, àtakò ìyá wa ló jẹ́ kí n fi ‘ìbòjú’ ti awò lẹ́yìn, níbi tí mo ti fẹ́ fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Àwòdì tó ń re Ìbarà ni mí, ẹ̀fúùfù ló ta mí nídìí.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi wá ojútùú nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tuntun ti máa ń sọ̀rètí nù. Ẹni kan pe ìnira tó ń bá ara ní ‘àìsàn ìrìn’. Kò sí ìrìn níbẹ̀, kì í sì í ṣe àìsàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ń sọ fún ọpọlọ pé bàálù ń yí po, ẹ̀yà ara inú etí tó ń mọ ìdúró àti ìlọ sì ń sọ pé orí àga ni a wà. Òòyì ló ń tinú àìgbọ́ra-ẹni-yé àwọn méjèèjì jáde, ìrìndọ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Mo pè é ní ‘òòyì awò’. Kí ìwé ìtọ́nà náà sọ ọ́ gbangba pé kí ẹni tuntun fò ní títọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dánwò láti dojú bàálù dé, kí fáànù máa fẹ́ sí i lójú, pàápàá nínú ooru tiwa tí òógùn ti máa ń fi ìkùukùu bo awò, kí ó sì bọ́ awò ìbòjú ní kété tí ìrìndọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá forí tì í, òòyì náà lè bá a dé orí ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ ‘kólòlò’ tí ẹnìkan mú wá fún àwòrán tí kò lọ geere kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí awò bá ń béèrè àwòrán 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà kò ní ju ìdá kan nínú 90 ìṣẹ́jú àáyá lọ láti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú méjèèjì. Àṣìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ṣẹlẹ̀. Nígbà míràn kọ̀ǹpútà kò lágbára tó rárá, àwòrán ń bọ̀ lọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ‘ó ń fà’ nìyẹn, kí a sì pè é ní ‘fífà’. Nígbà míràn, ó ń lọ geere, á ṣàdédé dúró, á sì fò síwájú, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ‘ìkọsẹ̀’ nìyẹn. Akólòlò kì í fò síwájú, ibi kan náà ló ń tún sọ. Ìyàtọ̀ yìí wúlò, nítorí oògùn wọn kò dọ́gba: fún fífà, a ó dín ìwọ̀n àwòrán àti òjìji ilé òun igi kù, fún ìkọsẹ̀, a ó kọ́kọ́ wo mẹ́mórì àti àwọn ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi mẹ́mórì kún tèmi láti 16 dé 32 GB, ìkọsẹ̀ tí mo máa ń ní lókè ìlú ńlá lọ, fífà sì wà níbẹ̀ bí ó ti wà.

Fún àyè tó wà láàárín ọmọlójú méjèèjì, tí a lè fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú DCS, ‘àlàfo ọmọlójú’ tó. Ti àgbàlagbà púpọ̀ kò jìnnà sí mìlímítà 63. Mo ti fi nọ́ńbà tó ju tèmi lọ sínú DCS rí, bàálù ogun náà sì kéré lójú mi bí ohun ìṣeré ọmọdé. Kí a sì ya ‘kófìrí’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘dá mọ̀’: awò Quest 3 ń fi nǹkan bí ẹ̀kán àwòrán (‘pixel’) 25 hàn nínú dígíríì kan ohun tí ojú ń wò, ojú tó dá ṣáká sì lè ya bíi 60 sọ́tọ̀, nítorí náà awakọ̀ lè kófìrí bàálù kan láti ọ̀nà jíjìn, kí ó má sì dá a mọ̀ bóyá ti ọ̀tá ni tàbí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí yanjú. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè ya àwòrán 72 tí awò ń béèrè, ètò kan wà tí yóò ní kí ó ya 36, tí yóò sì fúnra rẹ̀ hun ìyókù láti inú èyí tó ti rí. Ojú yóò rí ìlọ geere, àmọ́ bí bàálù mìíràn bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, etí rẹ̀ yóò fà bí òjìji méjì. Mo ti ronú sí ‘àwòrán èènì’, nítorí pé oníṣòwò ló fi kún un. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà tí a rà ni èènì máa ń jẹ́, àwọn àwòrán yìí kò sì rí bí àwọn tí kọ̀ǹpútà yà. ‘Àwòrán àbùlà’ ni ọkàn mi fà sí, bí ẹni tó bu omi la ẹmu. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ rántí gbẹ̀gìrì àti ewédú, n kò sì rò pé ìyẹn ba nǹkan jẹ́, nítorí pé àpapọ̀ ohun méjì náà ni. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ‘àbùlà’ ti ẹmu ní ẹ̀sùn nínú, ètò yìí sì ni èmi fúnra mi fi ń fò lálaalẹ́, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni láti Èkìtì, láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí a fi kún òṣùwọ̀n kí ó lè kún, tí kì í ṣe èènì, tí kò sì ní ẹ̀sùn nínú, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa tó parí orí tó kàn.