SDL_image ni àbí stb_image_write, láti fi àwòrán pamọ́ ní PNG?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ètò ìyàwòrán kékeré kan ni mò ń fi èdè C àti SDL2 (àkójọ kóòdù fún yíya nǹkan sí ojú kọ̀ǹpútà) kọ. SDL_SaveBMP, tó ń fi àwòrán pamọ́ ní BMP láìfún un pọ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ fáìlì rẹ̀ ti tóbi jù: àwòrán 1920 × 1080, tí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 4, ń lọ sí bíi 8 MB. Ta ló fẹ́ fi dátà ẹ̀ gba ìyẹn lórí WhatsApp?

Mo wá gbé stb_image_write, fáìlì kóòdù C kan ṣoṣo tó ń kọ fáìlì àwòrán, wọlé. stbi_write_png kọ fáìlì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pupa di búlúù, búlúù di pupa. Ojú ọ̀run tí mo yà wá rí bí epo pupa. Ìgbà tí mo fi SDL_ConvertSurfaceFormat yí i sí SDL_PIXELFORMAT_RGBA32 (tó ń to pupa ṣáájú búlúù) ni àwọ̀ tó bọ̀ sípò. Ibi tó kù sí ni pé àlàyé inú stb fúnra rẹ̀ sọ pé PNG tó ń kọ máa ń fi ìdá 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti ètò tó mọ fáìlì fún pọ̀ dáadáa.

IMG_SavePNG ti SDL_image, àfikún SDL2 fún fáìlì àwòrán, náà wà, ṣùgbọ́n DLL mìíràn (fáìlì tó gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ètò kó tó ṣiṣẹ́) nìyẹn lórí Windows, àwọn tó máa lo ètò yìí ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ DLL. Wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, kó ṣí.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ìyàtọ̀ ìwọ̀n fáìlì yẹn tó ohun tí èèyàn lè tìtorí ẹ̀ kó SDL_image mọ́ ètò, àbí kí n dúró ti stb?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.