Ọkọ̀ irin ìgboro: ìṣẹ̀ǹbáyé ni tàbí ògbólógbòó?

Ẹ̀yin ará,

Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún "tram", ọkọ̀ irin tó ń gbé èrò káàkiri ìgboro, mo rí àbá tó ní kí á máa pe àwọn ti àtijọ́ tó ṣì ń ná ìgboro San Francisco àti New Orleans ní Amẹ́ríkà ní "ọkọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé". Ó dùn ún pè, àmọ́ ibi tó ń darí ọkàn ẹni sí kọ́ ni ọkọ̀ náà wà. Bí a bá ti gbọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tí wọ́n kó sínú ilé tí wọ́n fi okùn yí ká, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, là ń rò. Àwọn èyí ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ẹ wo ti òpópónà St. Charles ní New Orleans. Láàárín 1923 sí 1924 ni wọ́n kan àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn. Ìjókòó onípákó ló wà nínú wọn, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, èrò fúnra rẹ̀ ló ń ṣí fèrèsé. Bí ọkọ̀ bá dé òpin ọ̀nà, kì í yí po. Awakọ̀ á rìn lọ sí orí kejì, wọ́n á sì ti ẹ̀yìn àwọn ìjókòó sí òdìkejì, kí èrò lè kọjú síbi tí wọ́n ń lọ.

"Ọkọ̀ irin ojú títì" tí ẹlòmíràn mú wá náà kò kájú ẹ̀. Lóòótọ́, ní Lisbon ní ilẹ̀ Portugal, ọkọ̀ irin nọ́ńbà 28 àti mọ́tò jọ ń du ọ̀nà tóóró ni, ṣùgbọ́n àárín koríko ni irin St. Charles gbà jù. Ìgboro ló gba méjèèjì. "Ọkọ̀ irin ìgboro" lèmi fọwọ́ sí fún gbogbo irú rẹ̀, tuntun àtogbó. "Ọkọ̀ ojú irin" ti di ti rélùwéè, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. (Èkó pàápàá ní irú ẹ̀ rí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1902: agbára ooru omi gbígbóná ló ń wà á, láti Ìdó gba orí afárá Carter wọ erékùṣù.)

Fún èyí tó ti pẹ́, "ògbólógbòó". Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní olè là ń pè bẹ́ẹ̀. A tún ń sọ ògbólógbòó olóṣèlú (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ẹni tó gbó sẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì fi í sílẹ̀ ni, ohun tí à ń wá náà nìyẹn. Akúrẹtẹ̀ kò bá a mu rárá, torí wọ́n ń tún wọn ṣe déédéé.

Ẹni tó fi àwàdà dá "tòkunbọ̀" kò kúkú jìnà sí òótọ́. Lórí ọ̀nà ọkọ̀ irin tí wọ́n ń pè ní F ní San Francisco, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àwọn ọkọ̀ 1928 kan wà tí wọ́n rà láti Milan ní Ítálì. Tòkunbọ̀ pọ́nńbélé! Àmọ́ Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni wọ́n ti kan ti New Orleans, wọn ò rí òkun sọdá.

Ó ku ọ̀pá orí ọkọ̀ tó ń gba iná lára wáyà. "Ọ̀pá agbaná" ni mo fi sílẹ̀, bí kò bá ti ní jẹ́ kí ẹnìkan rò pé ọkọ̀ ń jó.