Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, gbogbo fọ́tò ọkọ̀ mi lóru ló ń ṣe bàìbàì

Akin_RX:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn, inú ń bí mi gidi gan-an ni. Mo ra kámẹ́rà DSLR tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀, ó búra fún mi pé kò ní wàhálà kankan, ó ní oníbàárà òun kan tó fi ń ya ìgbéyàwó ló gbé e wá tà, mi ò tiẹ̀ ná an púpọ̀ torí ṣe ló ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n, tó ń fa àga fún mi. Òkú ọjà ló tà fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ ọkọ̀ mi, Mazda RX-8 dúdú, ti 2004, gía ọwọ́. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán tí iná títì bá bọ́ sí i lára, ìlà tó gba orí táyà iwájú kọjá lọ sí ilẹ̀kùn yẹn máa ń yọ bíi pé wọ́n fi abẹ gé e. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni kí n gbé e síwájú Mápó Hall lóru, kí àwọn òpó ńláńlá yẹn wà lẹ́yìn ẹ̀, kí n ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, torí tẹ̀yìn máa ń ṣí sẹ́yìn ni, kò jọ ti ọkọ̀ mìíràn, kí n wá tẹ fọ́tò yẹn ní ńlá kí n gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì. Mo ra tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, mo ń lo táímà, mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Tí mo bá ní kó ya sẹ́kọ́ńdì 30, tó bá yà á tán á tún dákú, á kọ "busy" sójú, á wà bẹ́ẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ńdì 30 mìíràn kó tó gbé fọ́tò jáde. Mo pe ọmọ yẹn, ó ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà. Èmi kẹ̀! Gbogbo èyí tún ń ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ọlọ́dẹ Mápó tó ń bi mí pé kí ni mò ń yà lóru. Ṣé kí n kó ọlọ́pàá lọ bá a ni àbí kí n gbé kámẹ́rà yẹn tà kí n ra tuntun?

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ:
Ẹ kú alẹ́ sà. Ibi tí mo kà dé nìyẹn, lóru, ní Mápó. Ta ló rán yín níṣẹ́ sà? Ọkọ àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó Road láti wo táyà ẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi yí i ká, fóònù lọ, owó lọ, títí kan bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ ní ìyàwó nílé àbí ẹ ò ní? Ẹ ya ọkọ̀ yín lọ́sàn-án.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fóònù yà á jàre. Àwọn fóònù òde òní ní night mode, ẹ kàn dì í mú jẹ́ẹ́, ó parí. Kámẹ́rà ti di nǹkan àtijọ́.

Sisí Challenge:
@Ọmọ Òkè-Bọ́lá ta ló sọ fún ẹ? Fọ́tò tó fẹ́ tẹ̀ kó gba odindi ògiri lo ní kó fi fóònù yà. Tẹ ti fóònù ẹ tóbi bí ilẹ̀kùn ná ká jọ wò ó.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá:
Àǹtí, mo ti tẹ̀ ẹ́ rí, kò ṣe nǹkan kan.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọ́lá:
Àbúrò, má tíì lọ bá ẹnikẹ́ni jà. "Busy" tó ò ń rí yẹn, kámẹ́rà ò bàjẹ́. Long exposure noise reduction ni wọ́n ń pè é. Tí kámẹ́rà bá lajú sílẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ á gbóná, àmì pupa àti funfun wẹ́wẹ́ á máa yọ níbi tó bá dúdú nínú fọ́tò. Á wá pajú dé, á tún ya òkùnkùn lásán fún iye àkókò kan náà, ìyẹn lá fi mọ àmì tó yẹ kó yọ kúrò. Sẹ́kọ́ńdì 30 tó o yà ló fi ń gba 30 mìíràn. Wọ inú menu, o lè pa á tí kò bá wù ẹ́.

Ó ku ti bàìbàì. ISO mélòó lo fi sí, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó? f mélòó, ìyẹn bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó? Ṣé lẹ́ńsì ẹ ní IS tàbí VR, ohun tó máa ń bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró? Tó bá ti wà lórí tripod, pa á. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ṣé gbogbo fọ́tò ló ń ṣe bàìbàì àbí ibì kan nínú ẹ̀? Fi ọ̀kan síbí ká rí i.

Akin_RX:
Ẹ ṣé bàbá. ISO 100, f/8, sẹ́kọ́ńdì 30, mo ti pa IS, mo kà gbogbo ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn dédé gbé kámẹ́rà jáde. Mi ò lè fi fọ́tò síbí, nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára ẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí ọmọ Dùgbẹ̀ yẹn ò lè ṣàlàyé "busy" bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí? Ó mọ̀, kò kàn kà mí sí ni. Ìyá Ìbejì, mo ti gbọ́ mà, àmọ́ ọ̀sán kì í gbé àwọ̀ ọkọ̀ yẹn jáde.

Alhaji Mọ̀lété:
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ayé àtijọ́. Mo ní Peugeot 504, àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà yẹn. Mo pe oní-fọ́tò kan pé kó yà mí pẹ̀lú ẹ̀ níwájú Cocoa House ní ìrọ̀lẹ́. Fíìmù ni gbogbo wa ń lò, o ò ní mọ ohun tó yà títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, orí mi ò sí nínú ẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ yọ dáadáa, gbogbo gíláàsì ilé yẹn hàn lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ máa tọ́jú ọkọ̀ yín.

Sisí Challenge:
Ẹ̀gbọ́n Akin, ọkọ̀ dúdú lóru kì í ṣe eré o. Àwọ̀ dúdú kì í fi ara ẹ̀ hàn, ohun tó wà láyìíká ẹ̀ lá máa hàn lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sábẹ́ iná títì, bọ́ọ̀lù iná yẹn lẹ máa rí lórí òrùlé, ìyókù á ṣú. Bí èmi ṣe máa ń ṣe é rèé. Mo máa ń wá ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní iná, màá gbé kámẹ́rà lé tripod, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ̀ kí lẹ́ńsì lè rí i, tó bá ti rí i màá sún un sí manual kó má bàa tún máa wá a kiri nínú òkùnkùn. Màá wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, màá gbé LED gígùn kan lọ́wọ́, bí kámẹ́rà bá ti lajú màá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọkọ̀ náà ká, mi ò ní dúró sójú kan, mi ò sì ní kọ iná sí lẹ́ńsì. Màá ya ọ̀kan fún òrùlé, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún rím, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá délé màá tò wọ́n léra lórí Photoshop, màá yan Lighten, ibi tó mọ́ nínú ìkọ̀ọ̀kan á yọ. Kẹ́ ẹ sì máa yà á ní RAW o, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fún pọ̀, JPEG á jẹ gbogbo ohun tó wà nínú òkùnkùn yẹn.

Iná iwájú, ẹ tàn án fún sẹ́kọ́ńdì kan kẹ́ ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún 30, ojú ọkọ̀ á funfun báláú.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọ́lá:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Sisí. Àmọ́ Akin ò tíì dáhùn ohun tí mo bi í. Gbogbo fọ́tò ni àbí ibì kan?

Ọmọ Òkè-Bọ́lá:
Ẹ fi fóònù yà á, ẹ ò gbọ́.

Akin_RX:
Ọkọ̀ nìkan ni bàbá. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ mọ́ gaara, òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀, èèyàn lè kà á. Òpó Mápó mọ́, kódà ìdọ̀tí ara ẹ̀ hàn. Táyà náà mọ́ níbi tó ti kan ilẹ̀. Àmọ́ látorí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ dé ẹ̀yìn, ṣe ló dà bíi pé wọ́n fọwọ́ pa á, RX-8 tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ di méjì méjì. Ìdí tí mo fi ní lẹ́ńsì yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò lè rí nǹkan dúdú.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọ́lá:
Lẹ́ńsì wo ló bàjẹ́ tó wá rí òkúta ilẹ̀ dáadáa? Àbúrò, ṣé ẹ́ńjìnnì wà ní títàn nígbà tó ò ń yà á?

Akin_RX:
Ó wà ní títàn. Ṣé ìyẹn kan fọ́tò ni? Mi ò lè pa á. Tí mo bá wà á láti Ìyágànkú dé Mápó tí mo wá pa á bó ṣe gbóná yẹn, kì í jí mọ́. Á máa yí, á máa yí, kò ní jí, àfi kó tutù pátápátá, bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe é fún mi ní Bẹẹrẹ rí, àwọn ọmọ àdúgbò ló bá mi tì í kúrò lójú títì. Àtìgbà yẹn tí mo bá ti jáde mi ò kì í pa á títí n ó fi délé. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan ni mò ń yà, kò rìn.

Sisí Challenge:
Haa! Ó ń gbọ̀n ni sà! Sẹ́kọ́ńdì 30 ló fi ń gbọ̀n níwájú kámẹ́rà!

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọ́lá:
Ó tán. Kámẹ́rà ẹ ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Mẹkáníìkì Gate:
Ẹ dákun, ẹ pa fọ́tò yẹn tì ná. Bọ̀ọ̀dá Akin, ọkọ̀ tó ń jí tó bá tutù tí kì í jí tó bá gbóná, tó sì jẹ́ RX-8, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní písítìnì. Rótọ̀ méjì onígun mẹ́ta ló ń yí nínú ẹ̀. Ọmọ Jámánì kan, Felix Wankel, ló ronú kan irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, rotary ni wọ́n ń pè é, Mazda ló wá gbé e débi tí wọ́n fi gba eré ìje ọkọ̀ Le Mans ní 1991. Orí igun kọ̀ọ̀kan ni apex seal wà, òun ló ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ inú. Tó bá ti jẹ, kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú, á lọ sílẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ọ́ìlì tó ki á ṣì bá a dí díẹ̀, á jí. Tó bá gbóná, ọ́ìlì á ti ṣàn, sítátà náà ò ní yí i kíá mọ́, kò ní jí. Ohun kan náà ló ṣeé ṣe kó máa mú un gbọ̀n jù bó ṣe yẹ tó bá dúró, torí tí ara rotary bá yá, kì í gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Akin_RX:
Mẹkáníìkì mi ní bátìrì ni. Mo ti pààrọ̀ bátìrì, tuntun ni. Mo sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò tọ́jú ọkọ̀ yẹn.

Mẹkáníìkì Gate:
Mi ò ní ẹ ò tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ pípààrọ̀ ọ́tọ̀, wíwò ọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn ni pé kó máa fa ọ́ìlì díẹ̀ díẹ̀ sínú kó máa fi ra àwọn seal yẹn, kó sì máa jó o lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ máa fa dípísítíkì yọ wò tẹ́ ẹ bá ti ń ra epo, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹni tó bá dúró de ìgbà tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ó lè ti gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá:
Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì yẹn jù nù kẹ́ ẹ gbé ti Toyota sí i. Ní Gate ibẹ̀ yẹn náà, ó pọ̀ nílẹ̀.

Mẹkáníìkì Gate:
Ọmọ yìí, ṣé o ti wà lábẹ́ ọ̀kan rí? Wáyà, gíábọ́ọ̀sì, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀ lo fẹ́ fi ẹnu gbé.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá:
Àwọn tó ti ṣe é wà o.

Akin_RX:
Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sínú ọkọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ni kẹ́ni má sọ ìyẹn mọ́.

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ:
Ẹ tún lè gbọ́ o, ọkọ̀ tí kì í jí lẹ ń gbé lọ sí Mápó lóru. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ yín.

Alhaji Mọ̀lété:
504 mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Fọ́tò Mọ́kọ́lá:
Akin, gbọ́. O lè máa wò ó pé o kàn lè dín àkókò kù kó o fi í sílẹ̀ ní títàn. Wò ó, ISO 1600, f/4, ìmọ́lẹ̀ kan náà, á bọ́ sí bíi ìdajì sẹ́kọ́ńdì. Á ṣì gbọ̀n nínú ìyẹn, hóró á tún wá kún ibi tó dúdú. Kò ṣiṣẹ́. Pa ẹ́ńjìnnì náà. Wákàtí kan tó fi ń tutù, àkókò fọ́tò ẹ gan-an nìyẹn, kí lo fẹ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún yà? Má sì lọ lóru mọ́. Ìdájí ni kó o lọ, bíi aago márùn-ún kọjá. Dé ibẹ̀, pa á, ya ti òkùnkùn pẹ̀lú iná Sisí. Tó bá fẹ́ tó aago mẹ́fà ààbọ̀, ojú ọ̀run á di búlúù, gbogbo búlúù yẹn á bọ́ sórí òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ, ọkọ̀ dúdú kì í dára tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ̀ ti tutù, èèyàn ti wà níta, á jí. Kó o sì ti lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn yẹn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìyá Ìbejì Apẹtẹ:
Tìdájí yẹn sàn díẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání ṣá.

Sisí Challenge:
Mo lè bá yín gbé LED mi wá tó bá jẹ́ Sunday. Mi ò gbowó, ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ rí.

Akin_RX:
Ẹ ṣé gan-an. Sisí, màá pè yín sínú inbox. Ti ọmọ Dùgbẹ̀ yẹn, mi ò lọ bá a mọ́, àmọ́ mo ṣì ń sọ ọ́ pé ó yẹ kó ti ṣàlàyé fún mi. Ọ̀gá Gate, ṣé ẹ lè wọn kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n yẹn fún mi? Mẹkáníìkì mi ní géèjì.

Mẹkáníìkì Gate:
Géèjì písítìnì ò wúlò fún un. Ojú mẹ́ta ni rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, géèjì yẹn á kàn gbé èyí tó ga jù fún yín, ẹ ò ní mọ èyí tó ti kú. Ti rotary wà lọ́tọ̀, mo mọ ẹni tí màá yá a lọ́wọ́ ẹ̀. A ó kọ́kọ́ wo plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú coil mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fún wọn níná, torí coil tó ti rẹ̀ náà máa ń mú un gbọ̀n, ó sì lè jẹ́ pé sítátà ló ti rẹ̀. Kò tíì di pé a ń tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé e wá ní Sátidé, Aràròmí ni mo wà.

Akin_RX:
Mò ń bọ̀. Mi ò ní pa á títí n ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yín.

Mẹkáníìkì Gate:
Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ pa á lójú mi, kẹ́ ẹ sì tàn án padà lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń yí nígbà tó bá gbóná. Kẹ́ ẹ ra ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan dání.