Omi tó wọlé láìsí òjò

Ẹ̀yin ará, mo ti ṣèlérí pé màá sọ ìtàn ìgbà tí omi odò ya wọlé wa, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2020 ni, ní Fort McMurray, ní Kánádà. Ìgbà kòrónà ni, kò sẹ́ni tó ń jáde. Wọ́n ti ń kéde pé yìnyín orí odò Athabasca ń fọ́, kí àwa tí a wà ní àárín ìlú múra. Bàbá àwọn ọmọ yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Òjò wo ló rọ̀ tí odò fi máa kún?" Èmi náà gbà fún un. Níbi tí wọ́n ti bí wa, bí òjò ò bá ṣú, ta ní ń sá fún àgbàrá?

A ò mọ̀ pé òjò náà ti rọ̀ tipẹ́. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń rọ̀, ó kàn dì sílẹ̀ ni. Nígbà tí oòrùn mú, òjò oṣù márùn-ún gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Yìnyín orí odò bá fọ́: òmíràn tó ilẹ̀kùn, òmíràn tó ọkọ̀ akẹ́rù. Omi ń gbé e lọ títí ó fi dé ibi tí yìnyín kò tíì yọ́, ó sì kó jọ síbẹ̀, èyí gun èyí. Wọ́n ní èyí tó kó jọ lọ́dún náà gùn tó kìlómítà 25. Omi kò ríbi gbà, ó padà sẹ́yìn sínú odò Clearwater, Clearwater ló wá ya wọ ìlú.

Nǹkan bíi 13,000 èèyàn ni wọ́n ní kó kúrò nílé. A gbé ìwé ìrìnnà, a gbé ọmọ, a gbàgbé oògùn ikọ́ fée ọmọ. Bàbá wọn sáré padà. Ìgbà tó fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, omi tí kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ti dé orúnkún rẹ̀. Ó ní omi náà tutù débi pé òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ẹsẹ̀.

Nígbà tí a padà, omi ti fà. Yìnyín kan dùbúlẹ̀ síbi tí a máa ń páàkì sí, ó dúdú fún ẹrẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò wa ní omi tó bá gba páìpù ìdọ̀tí wọlé làwọn ń sanwó fún, pé ìwé ọ̀tọ̀ ni ti omi tó gba orí ilẹ̀ wá. A ò ra ìyẹn. Ẹ lọ ka ìwé yín lálẹ́ yìí.

* * *

Ẹ kú ewu, ìyá wa. Ọdún 2009 ni tèmi, ní àríwá Selkirk, ní Manitoba, ní Kánádà náà. Ìṣòro Red River, odò ọ̀dọ̀ wa, ni pé àríwá ló ń ṣàn sí. Gúúsù lọ́hùn-ún, ní North Dakota àti Minnesota ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ń móoru, omi ibẹ̀ á gbéra. Lọ́dọ̀ wa, yìnyín ṣì le bí òkúta. Winnipeg, olú ìlú Manitoba, ní odò àtọwọ́dá tó ń gbé omi gba ẹ̀yìn ìlú, kìlómítà 47, wọ́n parí rẹ̀ ní 1968. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kòtò Duff ni, torí Duff Roblin, olórí ìjọba Manitoba nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ló tẹnu mọ́ ọn. Kòtò náà ti gba ìlú là léraléra. Àmọ́ kí odò tó dé ọ̀dọ̀ wa ni omi kòtò ti padà sínú rẹ̀, kò ṣe wá lóore kankan.

Ariwo rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Gbì! Gbì! Yìnyín ń gbá igi etí odò lóru, igi ń ya.

* * *

Àbúrò, mo wà ní Grand Forks, ní North Dakota, létí Red River kan náà, ní 1997, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Òjò dídì tó yọ́ ló pọ̀ jù nínú tiwa. Wọ́n ní omi máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 49, a di yanrìn sápò títí ọwọ́ fi bó. Ó kọjá 54. Iná tún wá sọ láàárín ìlú, ilé 11 jó, bẹ́ẹ̀ omi ló yí wọn ká.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilẹ̀, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, odò ò jìnnà. Kí ni kí n máa wò?

* * *

Odò ni kí o máa wò, ọmọ mi. Bó bá ń kún wàrà-wàrà, yìnyín ti dí i nísàlẹ̀ ibi tí o wà. Bó bá sì ṣàdédé fà nígbà tó yẹ kó máa kún, òkè ibi tí o wà ni yìnyín ti dí i. Ọjọ́ tí yìnyín náà bá já, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀. Má lọ yàwòrán létí odò o. Gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ bésímẹ́ǹtì. Oògùn ọmọ tiwa, inú báàgì ẹnu ọ̀nà ló ń gbé báyìí.