Ta ló ti dé St Kilda rí? Ṣé ó tó owó ọkọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ǹlẹ́ o. Ó ń wù mí kí n lọ sí St Kilda, àwọn erékùṣù tó wà lójú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ibẹ̀ ga, wọ́n sì ní kò séèyàn lábúlé náà mọ́. Ṣé nǹkan wà níbẹ̀, àbí òkúta lásán ni?

Ẹlẹ́sẹ̀-ọ̀nà: Òkúta ni o, mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán! Láti erékùṣù Harris ní Scotland lèmi ti wọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní ká padà sílé nítorí ìgbì, ìgbà kẹta la tó gbéra, mo sì bì títí ìfun fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Ilé 16 ló tò sójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n ti bo àwọn kan padà, ìyókù ò ní ju ògiri lọ. (Ilé àwọn ológun tó wà létí omi ló ba fọ́tò mi jẹ́.)

Ahéré òkúta tí wọ́n ń pè ní cleit ló gbà mí lọ́kàn jù. Ó lé ní 1,200 ní Hirta nìkan, ìyẹn erékùṣù tó tóbi jù ní St Kilda, tí abúlé náà wà. Mo tẹríba wọ ọ̀kan: koríko ló bo orí rẹ̀, ìgbẹ́ àgùntàn kún ilẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba àárín òkúta fẹ́ mi létí. Wọn ò fi nǹkan kan lẹ àwọn òkúta yẹn pọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà ayé àwọn ará abúlé náà, atẹ́gùn yẹn ló ń gbẹ ẹran ẹyẹ òkun tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lọ mú lára àpáta.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Kí ló wá lé wọn kúrò?

Ẹlẹ́sẹ̀-ọ̀nà: Kò sẹ́ni tó lé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, àìsàn ń dà wọ́n láàmú, ọwọ́ ò tó iṣẹ́ mọ́. Àwọn fúnra wọn ló kọ̀wé sí ìjọba. Èèyàn 36 ló kù tí ọkọ̀ fi kó wọn lọ ní 29 August 1930. Wọ́n fi Bíbélì sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú ilé. Wọ́n sì so òkúta mọ́ àwọn ajá wọn lọ́rùn, wọ́n jù wọ́n sómi.

Bàbá Àgbà: Ẹ yẹ báàgì yín wò dáadáa kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ o. Kò sí eku ńlá níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá dé, ẹyin ẹyẹ ti di oúnjẹ nìyẹn. Ẹ má sì ṣí òkúta kankan nídìí. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, ti kọ́kọ́ forúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1986 nítorí ẹyẹ àti àpáta, nígbà tó di 2005 wọ́n fi ti abúlé náà kún un.

Ìyá Ìbejì: Mo ti gbọ́, sà. Màá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti àárọ̀.