Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé òótọ́ lọmọ yín ń sọ?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ní òun ò rí ohun tí tíṣà ń kọ sára bọ́ọ̀dù. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni, mo sì gba tíṣà gbọ́. Ṣebí ó ń rí tẹlifíṣọ̀n? Mi ò kíyè sí i pé imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún tó bá ń wò ó. Mo nà án nítorí nóòtì tó ṣófo. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ dókítà ojú, lẹ́tà gàǹgà tòkè nìkan ló rí kà. Lọ́jọ́ tó wọ jígí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìṣó tó wà lára páànù ilé ọ̀ọ́kán fún mi. Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Àdìó
Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Bàbá Àkànkẹ́
Jígí fún ọmọ ọdún 8? Ojú ẹ̀ á bàjẹ́ sínú ẹ̀ ni. Ẹ fún un ní kárọ́ọ̀tì.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Jígí kì í ba ojú jẹ́. Ẹyinjú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń gùn jù, ìdí nìyẹn tí ohun tó jìnnà fi ń ṣe bàìbàì lójú ẹ̀. Kárọ́ọ̀tì ò lè gé e kúrú. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Bàbá Àkànkẹ́
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ń purọ́ o! Inú kì í run tèmi àfi láàárọ̀ Mọ́ńdè. Tó bá di Sátidé, ara á le koko.

Ìyá Mosún
Kí ni wọ́n ń ṣe ní Mọ́ńdè, sà?

Bàbá Àkànkẹ́
Ìsọdipúpọ̀ àkọ́sórí. Ẹni tó bá gbà á tì, ẹgba ni.

Ìyá Mosún
Inú ń run ún lóòótọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ẹgba ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Èmi lọmọ ọ̀hún nígbà tèmi. Egungun ẹsẹ̀ a máa ro mí lóru bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Gbogbo ilé ní mò ń sá fún omi pípọn. Ìyá àgbà nìkan ló máa ń jókòó tì mí, tí wọ́n á bi mí pé, "Níbo gan-an?" Àwọn ló pọ̀n mí lọ ọsibítù. SS ni, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ti pé ọdún 11 nígbà yẹn. Títí dòní, oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í wọ́n nínú báàgì mi.

Ṣọlá_Èkó
Ṣé àwọn òbí yín ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ta ló sọ fún wọn lábúlé nígbà yẹn? Ẹ fi àwọn òbí mi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo
AS méjì tó fẹ́ra, ìyẹn àwọn tó gbé àbùdá SS kan lára láì ṣàìsàn ẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má bú ẹnikẹ́ni.

Bàbá Àkànkẹ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọmọ mi jókòó ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ hàn mí. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti tíṣà yẹn jọ máa sọ̀rọ̀.

Ìyá Mosún
Ẹ ṣeun, sà. Ìyá Ìbejì, férémù wo lẹ rà? Tèmi ti ṣẹ́ méjì nídìí bọ́ọ̀lù.