Báwo ni àdúrà ìdílé ṣe ń lọ nínú ilé yín?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ọjà Ọba ni mo ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí, bàbá àwọn ọmọ sì ń kọ́ni ní ìlú Ondo, tí ó fi jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ti gbọ́dọ̀ dé gáréèjì. Láàárín omi pípọn, oúnjẹ tí àwọn ọmọ yóò gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti kẹ̀kẹ́ márúwá tí ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, àdúrà òwúrọ̀ wa ti di “Baba, ṣọ́ wa lónìí, Àmín.” N kò sọ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà kúkúrú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ Ọlọ́run fúnra wọn kí wọ́n tó kúrò lábẹ́ òrùlé mi. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an nínú ilé yín ni kí ẹ sọ fún mi.

Bàbá Olùkọ́, Ondo
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Èmi gbà pé pẹpẹ ìdílé gbọ́dọ̀ ní àkókò tirẹ̀, nítorí ohun tí kò bá ní àkókò, iṣẹ́ mìíràn ni yóò gba àyè rẹ̀. Ní ilé bàbá tí ó bí mi lọ́mọ ní Ondo yìí, agogo kékeré kan wà tí wọ́n máa ń lù ní aago márùn-ún ìdájí, tí gbogbo ilé, títí kan ayálégbé tí ó bá fẹ́, yóò sì péjọ sí pálọ̀. A ó kọrin kan, a ó ka Sáàmù ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọ tí ó kéré jù tí ó lè kàwé títí dé orí bàbá, a ó sì fi Àdúrà Olúwa kádìí rẹ̀. Ètò yìí ti pẹ́ láàárín àwa ọmọ Áńgílíkà. Nígbà tí Charles Phillips, tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù, dé sí ìlú wa ní 1877 láti wàásù, odidi Bíbélì Yorùbá kò tíì jáde. 1884 ni ó tó jáde. Mo ń sọ èyí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè mọ̀ pé àwọn tí kò tíì ní odidi Bíbélì lọ́wọ́ pàápàá wá àyè fún Ọlọ́run.

Ará Ìjọ́kà
Aago márùn-ún pẹ́ o, Bàbá. Ní ilé tiwa, aago mẹ́rin àbọ̀ ni.

Ọmọ Òkè-Àró
Bàbá Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ má sì bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n ń lu agogo ní ilé tiwa náà, ṣùgbọ́n ife omi ni ó máa ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá tòògbé lórí ìkúnlẹ̀, bàbá wa á ti ọwọ́ bọ omi, á wọ́n ọn sí i lójú. Bí ó bá tún tòògbé, á da ìyókù lé e lórí. Àbúrò mi obìnrin wá mọ bí a ti í sùn lórí ìkúnlẹ̀ kí ètè ó máa mì bí ti ẹni tí ń gbàdúrà. Bàbá wa fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n inú pálọ̀ yẹn kọ́ ni mo ti kọ́ àdúrà.

Ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ìyá Aládùúrà tí ń yan gàrí jẹun. Bí ọwọ́ bá ti wọ iṣẹ́, tí ó ń fi àkúfọ́ igbá ro gàrí nínú agbada, yóò bẹ̀rẹ̀ sí pe àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, láti orí àgbà títí dé orí ọmọ ọwọ́. Bí ó bá kan ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò, á ní, “Olúwa, ìwọ tí o fún Dáníẹ́lì ní òye, tèmi nìyí o.” Bí ó bá kan ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, á dá ọwọ́ dúró, á gbójú sókè, á wà bẹ́ẹ̀ títí tí òórùn gàrí tí ó fẹ́ jóná yóò fi ta wá nímú, kí ó tó ṣe Àmín kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Àwa tí a jókòó ti ààrò kì í sùn. A ń dúró kí ó kan orúkọ wa.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká
Mo ka ọ̀rọ̀ ìyá tí ń yan gàrí yìí, omijé bọ́ lójú mi.

Ìyàwó Ilé, ọ̀nà Ọ̀dà
Èmi náà. Ìyá ọkọ mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ará Ìjọ́kà
Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí a dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Omi tútù yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí n lè dìde lóru gbàdúrà títí di òní. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, bí kò bá jẹ́ pé ara ti mọ́ ọn láti kékeré, n kò mọ ibi tí ǹ bá yà sí.

Bàbá Olùkọ́, Ondo
Ẹ ṣeun, Ará Ìjọ́kà. Èmi kò da omi lé ọmọ kankan lórí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ kì í fúnra rẹ̀ yan ohun tí ó le. Mósè pàṣẹ nínú Diutarónómì orí 6 pé kí a fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ nígbà tí a bá dìde.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká
Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ kà á síwájú àti sẹ́yìn. Ẹsẹ 7 kan náà ní kí a máa sọ ọ́ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, àti nígbà tí a bá dùbúlẹ̀. Ìyá tí ń yan gàrí pa àṣẹ náà mọ́ bí ẹni tí ó lu agogo ti pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Iṣẹ́ òru máa ń kàn mí ní ilé ìwòsàn, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè wà nílé ní gbogbo àṣálẹ́. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, mo máa ń pè wọ́n, ọkọ mi á gbé fóònù sí àárín tábìlì, á ṣí ohùn rẹ̀ sókè, a ó sì jọ gbàdúrà. N kì í dárúkọ aláìsàn fún wọn, ṣùgbọ́n mo lè sọ pé bàbá kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún un. Ọmọ mi ọkùnrin tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè kí n tó sọ̀rọ̀ pé, “Mọ́mì, bàbá ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?” Láti ìgbà náà ni àdúrà rẹ̀ kò ti dá lórí bàtà àti bọ́ọ̀lù nìkan mọ́.

Akọ̀wé Ìjọ, Ìjàpọ̀
Mo bẹ̀ yín, ṣé àdúrà inú fóònù tó àdúrà? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Àró
Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé òun ń gbàdúrà fún wọn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, wọ́n á parí rẹ̀ nílé, òun náà á parí tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Ará Ìjọ́kà
Lórí ti iṣẹ́ àti àdúrà, àwa ọmọ ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) mọ èyí dáadáa. Ẹnu iṣẹ́ títì láàárín Àkúrẹ́ àti Iléṣà ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà ní 1928, lórí ẹ̀rọ tí ń tẹ títì, nígbà tí ó jẹ́rìí pé òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Nítorí náà n kò bá ìyá onígàrí jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má tìtorí agbada sọ agogo nù.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Ondo
Ọmọ Kátólíìkì ni mí. Rósárì ni àdúrà ìdílé tiwa, pàápàá ní oṣù Kẹwàá tí ìjọ yà sọ́tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá náà ni a ń ká kòkó, tí gbogbo wa ń ti oko dé pẹ̀lú ara ríro. Ìpín márùn-ún ni a máa ń gbà, tí “Mo kí ọ Màríà” mẹ́wàá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọmọ bá ti rẹ̀, ìpín kan ni a máa ń gbà pọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè darí díẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti ọkọ mi á parí ìyókù nígbà tí wọ́n bá ti sùn.

Akọ̀wé Ìjọ, Ìjàpọ̀
Ìyá, mo kí yín o, ṣùgbọ́n Jésù kìlọ̀ nínú Mátíù orí 6 pé kí a má ṣe máa wí àwítúnwí asán.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Ondo
Asán ni Ó kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀, Akọ̀wé. Nínú ìwé Mátíù kan náà, ní orí 26, ní Gẹtisémánì, Jésù gbàdúrà lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì dúró ná. Orí àwọn ọmọ ni a wà.

Ìyàwó Ilé, ọ̀nà Ọ̀dà
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ tí mo dákẹ́, nítorí ilé tèmi kò rí bíi tiyín. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó gba Jésù nínú ẹbí wọn. Bàbá àwọn ọmọ ń kírun ní ìdájí, kò sì di wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò lè lu agogo kankan láàárín ilé. Inú ilé ìdáná ni èmi àti àwọn ọmọ ti ń gbàdúrà, níbi tí a ti ń wẹ ìrẹsì tàbí tí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ohun tí mo ń fún wọn kò tó.

Ọmọ Òkè-Àró
Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16 sọ pé ìyá Tímótíù gbàgbọ́, ṣùgbọ́n Gíríìkì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì fẹ́ tọ́ka sí ibi tí ìgbàgbọ́ ọmọkùnrin náà ti wá, ìyá rẹ̀ àti ìyá-ńlá rẹ̀ ni ó dárúkọ. Ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká
Àmín, àmín. A ó máa rántí yín, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé
Ọlọ́run yóò dá gbogbo yín lóhùn. Alẹ́ ni èmi yóò gbé tiwa sí, nígbà tí a bá ń bó ẹ̀gúsí tí èmi yóò tà, nítorí gbogbo wa ni a máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣì kù o: àkọ́bí mi ọkùnrin ti ń di ọ̀dọ́, kò sì fẹ́ gbàdúrà sókè mọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká
Ẹ má fi ipá mú un. Ẹ ní kí ó máa kàwé fún yín, kí àwọn yòókù máa gbàdúrà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí Bíbélì kò ní ẹ̀gúsí tí yóò bó, inú rẹ̀ á dùn sí i.

Bàbá Olùkọ́, Ondo
Èmi náà fara mọ́ èyí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú Máàkù, òun ni ó kúrú jù nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí 16 péré ni. Odidi orí kan lálẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn ìbejì. Ìtàn kan ṣoṣo ni kí ó máa kà, kí ó dá a dúró, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè.